Àkísà Ankara Mọ́kànlélógún

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Iléṣà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ nínú ilé wọn. A pọ̀ níbẹ̀: ọmọ tiwọn, ọmọ ọmọ wọn, àti ọmọ àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan tó sì di ọdún mẹ́ta. Bí ẹnìkan bá bèèrè pé mélòó ni wá, wọ́n á ní, "Àwọn tí ẹ ń wò yẹn náà ni." Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wa bá yọ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò, wọ́n á ti mọ̀ kí a tó jẹun àárọ̀ tán, nítorí ewé ẹ̀kọ ni wọ́n máa ń kà. Kálukú á jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀, á kó ewé rẹ̀ síwájú wọn, wọ́n á sì fi ìka kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé ni wọ́n kà, wọn ò ka ọmọ. Àṣà yìí bá mi wọ bàálù wá sí Houston, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn 1980, mò ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní daycare iléèwé àwọn Júù kan. Nítorí pé òṣìṣẹ́ wọn ni mí, wọ́n gba ọmọbìnrin mi síbẹ̀. Aládùúrà aláṣọ funfun ni wá, ṣùgbọ́n iléèwé náà dára, kò sì jìnnà sí apartment wa. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní La Porte, níbi tí wọ́n ti ń fi epo rọ̀bì ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Kí ó tó wọlé nírọ̀lẹ́, freeway á ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà èmi àti ọmọ mi la jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ ara wa.

Lọ́dọọdún, kíláàsì karùn-ún iléèwé náà máa ń lọ sí aginjù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń lọ wo bí àwọn Júù tó kọ́kọ́ wọ aginjù yẹn ṣe rí jẹ rí mu, wọ́n sì ń lọ kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbé níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, bí àwọn baba ńlá wọn ti ṣe fún ogójì ọdún. Lọ́dún tó kan ọmọ mi, ìyá kan tó yẹ kó bá wọn lọ fẹsẹ̀ rọ́. Ọ̀gá iléèwé wá bá mi, ó ní kí n rọ́pò rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà kò le rárá, kí n ṣáà máa ka àwọn ọmọ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wọ mọ́tò. Méjìlélógún ni wọ́n. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo tó ní kí n ṣe yẹn gan-an ni mi ò lè ṣe.

Ọmọ mi kò bá mi yọ̀ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, on the trip, ẹ má pè mí ní oríkì mi."

"Kí ni kí n máa pè ẹ́?"

"My name. Just my name. And I can't kneel down for you níwájú gbogbo wọn. And please, ẹ má jókòó near me."

"Ṣé kí n tiẹ̀ wọ mọ́tò náà, àbí kí n máa sáré tẹ̀ lé e?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Just don't be my mummy. Three days péré."

Inú bí mi. Èmi náà mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí, ìyá àgbà máa ń sọ pé ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà lábẹ́ ìbínú náà. Ọdún kẹfà tí a ti dé Amẹ́ríkà nìyẹn, mo sì ń rí i tí ọmọ yìí ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ mọ́. Bí mo bá ń sọ ìtàn ilé fún un, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ó lè tọ́ka sí mi láwùjọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó ní ìyá òun nìyí. Mo ní ó dáa, mo ti gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Iléèwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò omi onírin kan tó ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká. Mo fa ìró ankara mi kan tó ti gbó ya, mo sì so àkísà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan. Ewé ẹ̀kọ tèmi nìyẹn. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó fa ìgò tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Everybody's gonna know it's from your ìró," ó ní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun nìkan ló mọ ìró náà ní gbogbo iléèwé.

Mo fi í sílẹ̀. Àkísà mọ́kànlélógún ni mo so. Èkejìlélógún, tèmi ni, ta ló sì ń ka ọmọ ara rẹ̀?

Mo tún dín chin-chin fún wọn. Inú ilé ìdáná iléèwé ni wọ́n ti ní kí n dín in, nítorí òfin oúnjẹ wọn: ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ìkòkò wàrà lọ́tọ̀, àwo wọn lọ́tọ̀, kànrìnkàn tí a fi ń fọ̀ wọ́n pàápàá lọ́tọ̀. Alásè wọn dúró tì mí bí ọlọ́pàá. Omi àgbọn ni mo fi po ìyẹ̀fun náà dípò mílíìkì, kí àwọn ọmọ lè jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹran. Ó dùn ju èyí tí mo ti ń dín bọ̀ láti ọjọ́ yìí lọ, alásè náà sì gbàgbé iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀, ó ń bu ú jẹ. Mo di ìyókù sínú bébà, ìdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ àgbà kan ló ṣáájú wa, bàbá kúkúrú kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó dé fìlà koríko. Bàbá Olùkọ́ ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. Kí mọ́tò tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n dìde, wọ́n na ìka sí àwọn ọmọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Kì í ṣe ọ̀kan. Kì í ṣe méjì. Kì í ṣe mẹ́ta." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí wọ́n fi dé "kì í ṣe méjìlélógún". Mo ní, ó tán, orí bàbá ti ń dàrú, aginjù ni wọ́n sì ń kó wa lọ yìí.

Mo kọjú sí iṣẹ́ tèmi. Mò ń rìn láàárín ìjókòó, mò ń fọwọ́ kan àkísà. Wọ́n wò mí títí.

"Kí lò ń kà?" wọ́n bi mí.

"Ìgò ni, sà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A kì í ka ọmọ ọlọ́mọ nílé wa, sà."

Bàbá jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà kì í ka ènìyàn. Wọ́n ní ọba àwọn kan láyé àtijọ́ ka àwọn ènìyàn rẹ̀, ni àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú. Ìdí nìyẹn tí ìyá wọn ní Yúróòpù fi máa ń ní "kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì" bí ó bá ń wo àwọn ọmọ rẹ̀, kí ibi tó ń kọjá lọ má baà mọ iye tó bí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé awakọ̀ wẹ̀yìn wò wá.

"Tìrẹ dára ju tèmi lọ," ni Bàbá Olùkọ́ wí. "Tèmi yẹn, irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀." Láti ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ti gbé kíkà náà lé mi lọ́wọ́ pátápátá. Inú mi dùn, orí mi sì wú. A kọjá Katy, a kọjá àwọn oko ìrẹsì tó yí i ká, a kọjá San Antonio, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkàn mi, láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, aginjù ni iyanrìn funfun bí ẹ̀lùbọ́ láfún àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ràkúnmí. Òkúta ni a bá níbẹ̀, àti igi ẹlẹ́gùn-ún tó jọ ọrọ́ tí wọ́n fi ń ṣọgbà nílé wa. Ràkúnmí kankan kò sí. Ewúrẹ́ mélòó kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, mo kí wọn bí ará ilé. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ń fi gbogbo rẹ̀ hàn wá. Ó ní kí a máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wá, kí a má fi ẹ̀kán omi kan ṣòfò, kí a sì máa gbọn bàtà wa láàárọ̀ kí a tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé. Bàtà tèmi, mo gbọ̀n ọ́n títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ já.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ kọ́ àgọ́ irú èyí tí àwọn baba wọn gbé nínú aginjù, ẹ̀ka igi ni òrùlé rẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi. Mo ti bá wọn kọ́ àtíbàbà rí nílé, mo sì gorí àpótí, mo fi ewé bo òrùlé náà débi pé òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá pàápàá kò lè wọ̀ ọ́. Bàbá Olùkọ́ wọlé, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n rọra ṣàlàyé pé òfin ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ lè rí ìràwọ̀ láti inú rẹ̀.

"Sà," mo ní, "níbi tí mo ti wá, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá kọ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà koríko fi jábọ́ lórí wọn. Àwọn ọmọ gòkè, wọ́n ń yọ ewé mi kúrò. Ọmọ mi wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń rọ omi sínú ìgò wọn. Ọmọbìnrin kan tó tò sẹ́yìn ọmọ mi bi í pé, "Is that your mom?"

"She works at the school," ni ọmọ mi wí.

Kì í ṣe irọ́. Mò ń ṣiṣẹ́ ní iléèwé lóòótọ́. Omi kún ìgò náà, ó ṣàn kọjá, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí a má fi ẹ̀kán kan ṣòfò. Ó dùn mí dé ọkàn. Ká ní mo jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ǹ bá sunkún díẹ̀ kí n sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí. Mo ní, ṣebí òun ló ní kí n má ṣe ìyá òun, yóò rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo búra nínú ara mi pé títí a ó fi padà dé Houston, mi ò ní wo apá ibi tó bá wà.

Ọjọ́ yẹn ni a lọ sí ìlú kékeré kan tí kò ju òpópónà kan lọ, sí ṣọ́ọ̀bù màmá àgbàlagbà kan. Bàbá bàbá rẹ̀ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Èbúté Galveston ni bàbá náà gbà wọlé láti Yúróòpù, kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ó di aṣọ, òwú, abẹ́rẹ́ àti ìkòkò sínú ẹrù ńlá kan, ó gbé e pọ̀n, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn láti oko màlúù kan dé òmíràn, kí ó tó ní òrùlé tó lè tajà lábẹ́ rẹ̀. Ẹrù náà ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn, awọ àti okùn rẹ̀ ti dúdú.

Ó kù díẹ̀ kí n pariwo. Bàbá mi gan-an ni màmá ń ròyìn yẹn. Òṣómàáló ni bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà tó ru aṣọ lérí wọ abúlé tí kò ti gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí wọ́n á fi san gbèsè aṣọ. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá náà. Ṣùgbọ́n mò ń bínú, mo pa ẹnu mi mọ́, mo jáde lọ dúró sínú òòrùn.

Nígbà tí wọ́n ní ó yá, àwọn ọmọ wọ mọ́tò pẹ̀lú ariwo. Mo fọwọ́ kan àkísà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélógún. Mi ò wo ìjókòó kan ní ẹ̀yìn lápá òsì, níbi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí.

"Ó pé, sà," mo ní. Mọ́tò ṣí.

Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí mo gbé chin-chin jáde. Mò ń pín in láti iwájú lọ sẹ́yìn, àwọn ọmọ ń dúpẹ́, wọ́n ń fi eyín wọn pariwo. Nígbà tí mo dé òpin mọ́tò, ìdì kan kù lọ́wọ́ mi.

"Ta ni kò tíì gbà?" mo bèèrè. Gbogbo ẹnu ló kún.

Mo wá wo ìjókòó tí mo ti búra pé mi ò ní wò. Ìgò omi tí kò ní àkísà wà lórí rẹ̀. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀.

Mo fi oríkì rẹ̀ kígbe. Mo tún kígbe rẹ̀, bí ẹni pé ó wà lábẹ́ ìjókòó. "Ọmọ mi ni," mo sọ fún gbogbo wọn. "Mo ti fi ọmọ mi sílẹ̀."

Awakọ̀ tẹ iná. Ní aginjù yẹn, ènìyàn á rìn jìnnà lórí freeway kí ó tó rí ibi tó lè yà kí ó sì padà. Láyé ìgbà náà, kò sí fóònù tí a lè mú lọ́wọ́. Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ: pé ó ti rí i pé a ti lọ, pé ó ti ń sáré tẹ̀ lé wa nínú òòrùn yẹn, ìgò omi rẹ̀ sì nìyí lọ́wọ́ mi. Bàbá Olùkọ́ wá jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Èmi ló gbé e lé ọ lọ́wọ́. A jọ jẹ̀bi ni." Mo bọ́ bàtà mi kí n lè gbàdúrà, bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí rò pé àkeekèé ni. Ni gbogbo wọn bá ń bọ́ bàtà tiwọn, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbàdúrà tó gbóná jù láyé mi, láàárín ọmọ mọ́kànlélógún tí ń gbọn bàtà.

Bí mọ́tò ti dúró ni mo fò sílẹ̀ láìwọ bàtà. Ilẹ̀ náà gbóná bí agbada. Àwọn ọmọ àti Bàbá Olùkọ́ tẹ̀ lé mi. Mo gba inú ṣọ́ọ̀bù já sí yàrá ẹ̀yìn.

Ọmọ mi dúró láàárín yàrá, ó gbé ẹrù bàbá Júù náà pọ̀n, ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Màmá àgbàlagbà yẹn ń bá a fa okùn rẹ̀ le. Wọn kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí a lọ, àfi ìgbà tí wọ́n yọjú síta tí wọn kò rí mọ́tò mọ́. Ọmọ mi rí mi, ó sì nawọ́ sí mi.

"See? I told you she'd come," ó sọ fún màmá náà. "That's my mummy. She counts everybody."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi, gbogbo wọn ló gbọ́. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn, ó dé, mi ò sì lè gbà á, nítorí kì í ṣe òótọ́. Màmá náà ní ọmọ mi padà wọlé láti wá sọ fún òun pé bàbá ìyá òun náà ru aṣọ. Ó ti sọ bí ó ṣe ń lóṣòó, bí ó ṣe ń di òṣùká, àti bí ajá abúlé kan ṣe lé e gun orí igi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ ìtàn ajá yẹn rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ sí, tẹlifíṣọ̀n ni ojú rẹ̀ wà.

Mo kúnlẹ̀ kí n lè bá a tú okùn náà.

"Mi ò kà ẹ́," mo ní. "Àkísà ni mo kà, ìwọ ò sì ní àkísà. Inú ń bí mi sí ẹ, mi ò wo ibi tó o wà."

"Because of what I said? Níbi omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, ma."

"Ìwọ náà, má bínú." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bẹ ọmọdé láyé mi nìyẹn, kò sì pa mí.

Nínú mọ́tò, Bàbá Olùkọ́ ní ìgò kò ní ẹsẹ̀, ó lè jókòó sínú mọ́tò nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọrùn ọwọ́ ló yẹ kí a so àkísà mọ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò lára ìgò, wọ́n ń bá ara wọn so ó. Ọmọ mi na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ankara ti tán, nítorí náà mo tú gèlé orí mi, mo fa etí rẹ̀ ya, mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gba gèlé náà lọ́wọ́ mi, ó fi eyín fa etí kejì ya, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ mi ní kókó méjì.

"Nobody's counting you, Mummy," ó ní, ní ohùn tí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó wá jókòó tì mí. Kí mọ́tò tó ṣí, mo rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo fọwọ́ kan àkísà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì parí rẹ̀ sórí ọwọ́ ara mi. Mẹ́tàlélógún.